Ọ̀gá Tó Dá Aago Kọ̀ǹpútà Padà Sẹ́yìn

Ẹ dìde dúró ná. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà ní ìjókòó bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òun. Ṣé ẹ ti dìde? Ó dáa, ẹ padà jókòó. Kò sí níbí, kò sì sí ohun tó lè fi wá ṣe mọ́.

Ọ̀gá àgbà ni nígbà náà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ilé alájà kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Mo mọ iye àtẹ̀gùn náà nítorí pé bó bá ń gùn ún láàárọ̀, ó máa ń dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òṣìṣẹ́ kan lè kí i. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù sábẹ́ oyè. Ọ̀gá Ó-Ti-Parí làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ kó má fi "ó ti parí!" dé e bí ẹni dé ìkòkò. "Ẹ ṣí fèrèsé yẹn. Ó ti parí!" "Ikùn ń run mí. Ó ti parí!" Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ máa ń mì kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọ̀gá, Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni ni wọ́n ń pe tirẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Ó-Ti-Parí fẹ́ràn ju ara rẹ̀ lọ, ohun náà sì ni àwòrán ara rẹ̀. Inú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ ni àwòrán náà ń gbé. Ìwé-Ayé ni wọ́n ń pe ètò ọ̀hún. Ó ti pẹ́ débi pé àwọn tó kọ ọ́ ti tú ká, ẹlòmíràn nínú wọn ti di ìyá àgbà. Ọ̀gá máa ń sọ fún àlejò pé òun lòun fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́. Irọ́ ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ láti pa kọ̀ǹpútà ni kó fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. Ohun tó ṣe ni pé, lọ́sẹ̀ tó gun orí àga, ó ní kí wọ́n fi àwòrán òun síwájú ètò náà. Bí ẹ bá ṣí Ìwé-Ayé, òun lẹ ó kọ́kọ́ rí: ó wọ kóòtù, ó gbé ọwọ́ lé àgbáyé bí ẹni gbé ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù tó já gbà lọ́wọ́ ọmọdé, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé ẸNI TÓ MÚ ÌMỌ́LẸ̀ DÉ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló máa ń lò lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí bọ́tìnnì tí ẹ lè tẹ̀ tí yóò lé e lọ. Òṣìṣẹ́ á dìde, ìyá ọmọ á dìde, ọmọ tuntun nìkan ni wọ́n gbà láyè kó máa sùn lọ.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọ̀kan ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Òmíràn kì í ṣí àfi tí wọ́n bá gbá a létí. Ìjọba wá kó kọ̀ǹpútà tuntun méjìlá ránṣẹ́, ojú wọn fẹ̀, ẹ̀yìn wọn pẹlẹbẹ. Ọ̀gá gé ríbọ́ọ̀nù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ìṣílé nígbà méjìlá, ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tó parí, ó pàṣẹ kí wọ́n ṣí Ìwé-Ayé. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Àwòrán kò yọ. Ìkọ̀wé ló yọ:

ÈTÒ YÌÍ TI PẸ́ JÙ. KÒ LÈ ṢIṢẸ́ LÓRÍ KỌ̀ǸPÚTÀ YÌÍ.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ọ̀gá béèrè.

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

"Ipele kélòó ni?"

"Sà?"

"Mo ní, ipele kélòó ni kọ̀ǹpútà yìí wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó fi lẹ́nu láti sọ fún mi pé mo ti pẹ́ jù?"

"Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n tẹ ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ fún kọ̀ǹpútà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú. Wọ́n fún un ní ọjọ́ méjì kó fi ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ bá a wí. Ọjọ́ méjì pé, kọ̀ǹpútà kò fèsì. Ọ̀gá ní dídákẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó jẹ̀bi. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ti ń pọ̀ níta, ọmọ ń ké. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì. Obìnrin náà dé pẹ̀lú báàgì kan léjìká. "Ẹ káàárọ̀, sà" ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ, èyí tí Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni kà sí àfojúdi.

"Sà," ni obìnrin náà wí, "kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tó ń darí rẹ̀. Ẹ fi wé baálé. Ìwé-Ayé mọ baálé àtijọ́, ó mọ ibi tó ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Baálé ti yí padà báyìí, wọ́n ti tún ilé kọ́. Ìwé-Ayé wá ń kan ìlẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ sọ fún baálé tuntun pé èmi ni mo rán an."

"Kò mọ̀ yín, sà."

Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni di ògiri mú.

Obìnrin náà kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó tẹ ibi kan, ó yan ọ̀rọ̀ kan, ó ní kí kọ̀ǹpútà tuntun máa ṣe bí ògbólógbòó bó bá ti kan Ìwé-Ayé. Àwòrán yọ lóòótọ́! Àmọ́ ojú kọ̀ǹpútà tuntun fẹ̀, àwòrán sì fẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnu Ọ̀gá lọ láti igun kan dé igun kejì, ojú rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ tó gbé nǹkan gbígbóná mì. Akọ̀wé kan sáré jáde lọ wúkọ́. Kó tó wọlé padà, Ìwé-Ayé tún kọ ọ́ pé àṣẹ tí wọ́n fi lè gbé òun sórí kọ̀ǹpútà tuntun ti parí ní 1999.

"Kò burú," ni obìnrin náà wí. Ó tún tẹ̀, ó tẹ̀, ó ṣe kọ̀ǹpútà àtijọ́ kékeré kan sínú ti tuntun, odindi, bí ẹni fi àpótí sínú àpótí. Ìwé-Ayé ṣí nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo orúkọ pé, kò sí ọmọ kan tó sọnù. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé àwòrán Ọ̀gá kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ.

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó bọ́ awò ojú, ó tún wò ó.

"Ẹ ti fi mí sínú páálí," ló wí pẹ̀lẹ́.

"Sà, àwọn orúkọ ni kẹ́ ẹ wò. Ká lo èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí n máa kó gbogbo wọn lọ sínú ètò tuntun. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

"Nínú ètò tuntun yẹn, níbo ni àwòrán mi máa wà?"

"Kò ní sí níbẹ̀, sà."

"Ó ti parí!"

Wọ́n sin obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni ló wá rí ọgbọ́n dá, ẹni tí kò tíì rí nǹkan kan dá láti ọdún tó ti wọ iṣẹ́. Ó dín ojú kọ̀ǹpútà kù, ó sì dá aago inú rẹ̀ padà sí 1999. Ìwé-Ayé wo aago, ó gbà á gbọ́. Àwòrán yọ ràgàjì, bó ṣe wà látijọ́. Ọ̀gá fi aṣọ ìnujú nu ojú.

Obìnrin atúnkọ̀ǹpútà-ṣe ṣì wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ó kígbe wọlé: "Sà, gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ bá kọ sílẹ̀ lónìí, 1999 ni ìwé wọn máa sọ pé wọ́n bí wọn o!"

"Ṣé ọdún burúkú ni?" Ọ̀gá dáhùn.

Àmọ́ ìṣòro kékeré kan kù. Kọ̀ǹpútà ń sọ ọdún kan, kàlẹ́ńdà ara ògiri ń sọ òmíràn tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jù ú lọ. Ọ̀kan lára àwọn méjèèjì ń parọ́, Ọ̀gá kò sì ní í gbà pé ilé tí àwòrán òun ń gbé ni irọ́ wà. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó dúró sórí èyí tó ga jù.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lábẹ́ òjìji mi!" ló fi bẹ̀rẹ̀. "Àwọn kan lẹ́yìn odi ń sọ pé àkókò ń lọ. Mo bi wọ́n léèrè: ta ló gbà á láyè? Ṣé ó kọ̀wé sí mi? Ṣé mo fọwọ́ sí i? Láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ òní, ọdún 1999 la wà nínú ọgbà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ wà nínú ọdún mìíràn, kó jáde sí títì. Ó ti parí!"

Ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà, ó lu òǹtẹ̀ lé e nígbà mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni pàtẹ́wọ́ títí aago ọwọ́ rẹ̀ fi já bọ́. Ó mú un nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Títí di ọjọ́ kẹta, ó ṣì ń yí i.

Báyìí ni ayé titun ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú ayé àtijọ́. Àwọn akọ̀wé méjì wà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Nípa òfin, wọn ò tíì bí yín. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí yín."

"Ṣé ká kúkú máa lọ sílé, sà?"

"Ilé wo? Ta lẹ rí tí wọn ò tíì bí tó nílé?"

Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ bèèrè gọ́ọ̀mù, wọ́n á na ọwọ́ síta.

Olùkọ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, wá gba ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀. Akọ̀wé wá orúkọ rẹ̀ kiri, ó mi orí.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ó ṣì ku ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bí yín."

"Ẹ̀yin sì ń wò mí báyìí?"

"À ń wò yín, mà."

"Kí n wá ṣe ni?"

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Gbogbo wa la ní sùúrù kí wọ́n tó bí wa."

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti obìnrin kan tí kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ara ọmọ náà sì ń gbóná fòò. Ilé ìwòsàn ní àwọn ò lè ya káàdì fún un láìsí ìwé ìbí. Obìnrin náà sáré wá, ó dìde dúró de àwòrán fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó gba ìwé, ó sáré padà. Kò ráyè kà á. Akọ̀wé káàdì ló kà á.

"Ọkùnrin. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n náà dà?"

"Òun rèé lẹ́yìn mi."

Akọ̀wé yọjú wo ọmọ. Ó wo ìwé. Ó rí òǹtẹ̀. Nínú ọmọ àti òǹtẹ̀, òǹtẹ̀ ló gbàgbọ́.

"Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni, lápá òsì."

Obìnrin náà pariwo, ó sunkún, ó fi ọmọ hàn wọ́n. Wọ́n ní kó lọ bá àwọn tó kọ ìwé. Ni wọ́n bá tẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sórí bẹ́ẹ̀dì gígùn kan, láàárín ọkùnrin tó kán lẹ́sẹ̀ àti awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Òṣìṣẹ́ kan gbé fọ́ọ̀mù wá, ó bèèrè bóyá aláìsàn ń mu sìgá, bóyá ó ti gbéyàwó. Awakọ̀ náà dá a lóhùn pé, "Ó ń wá ìyàwó lọ́wọ́. Ẹ pe dókítà wá, ẹ̀yin èèyàn yìí!" Odindi ọjọ́ kan ni ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, tó ń ka èémí ọmọ rẹ̀ bí ẹni ka owó tó kẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì kan láti wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló ń kọjá lọ, tó gbọ́ igbe ìkókó níbi tí igbe ìkókó kò yẹ kó wà. Ó wọlé, ó gbé ọmọ, kò bèèrè ìwé kankan. Lọ́jọ́ kẹta, ara ọmọ rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ gbé ìwé ìbí náà, ó mú nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ìjọba.

Alábẹ̀wò tí àjọ náà rán wá kéré ní ìdúró, ohùn rẹ̀ kì í ga, fáìlì méjì péré ló mú lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ fún Ọ̀gá pé ẹnìkan ń bọ̀ láti òkè. Òun sì mọ̀ pé oyè ni wọ́n ń gbé bọ̀ wá fún òun. Wọ́n to òṣìṣẹ́ sórí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún. Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni ka oríkì tó fi òru... rárá o, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, ọ̀sán iṣẹ́ ìjọba ló fi kọ ọ́: "Ọ̀gá tó pàṣẹ fún oòrùn, tí oòrùn ní òun ń bọ̀ sà!"

Alábẹ̀wò tẹ́tí títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló yọ ìwé àṣẹ jáde.

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí èyí, sà?"

"Èmi ni! Ìgbà mẹ́ta ni mo lu òǹtẹ̀!"

"Ẹ ṣé. Ọdún wo la wá wà?"

Ọ̀gá ya ẹnu. Alábẹ̀wò gbé ọwọ́ sókè díẹ̀.

"Ẹ rọra dáhùn, sà. Bó bá jẹ́ 1999 la wà, gbogbo ìwé ìbí tẹ́ ẹ ti kọ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún tọ̀nà. Ọ̀ọ́dúnrún-lé-méjìlá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n fáìlì yín wà lọ́wọ́ mi. Ní 1999, akọ̀wé kékeré lẹ jẹ́ nínú yàrá fáìlì, ẹlòmíràn ló wà lórí àga yìí. Bó bá sì jẹ́ ọdún tí gbogbo ayé wà làwa náà wà, ẹ̀yin lọ̀gá, ṣùgbọ́n ìwé irọ́ ọ̀ọ́dúnrún-lé-méjìlá lẹ fọwọ́ sí. Èwo lẹ mú?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ọ̀nà kẹta wà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: mo ṣe àṣìṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè sọ ọ́ kó sì máa jẹun lọ. Ọ̀gá wá a títí. Gbogbo wọn rí i bí ó ṣe ń wá a. Kò rí i. Kò sọ ọ́ rí, kò mọ ibi tí wọ́n ń fi sí.

"1999 la wà," ló wí. "Ó ti parí!"

"Ó ti parí lóòótọ́," ni Alábẹ̀wò wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ bá mi gbé àwọn fáìlì yìí lọ sí yàrá fáìlì."

Ọ̀gá wo Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni. Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni ń wo òrùlé. Ọ̀gá gbé fáìlì. Àwọn akọ̀wé tí wọn ò tíì bí yọ orí láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹni tó kí i.

Wọ́n lọ pe ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ní 1999. Ìyá àgbà ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, sálúbàtà ilé ló wọ̀ wá. Ó jókòó sórí àga, ó ní kí wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n ṣàlàyé. Ó ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ.

"Obìnrin atúnkọ̀ǹpútà-ṣe yẹn, ṣé ó ní òun lè ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, mà!" ni Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni wí, orí rẹ̀ ti ń mì tipẹ́.

"Ẹ pè é. Ẹ jẹ́ kó ṣe é bó ṣe wí. Kẹ́ ẹ sì dá aago yín sí ọjọ́ òní."

Wọ́n dá aago sí ọjọ́ òní. Bí wọ́n ṣe dá a ni ìyá àgbà dìde. "Ó dáa. Mo ti fẹ̀yìn tì nìyẹn," ló wí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Kò lò tó wákàtí kan lórí oyè, mo sì gbọ́ pé kò sí ìjọba tó dára tó o nínú ilé yẹn.

Ìròyìn dé yàrá fáìlì. Ọ̀gá sá gòkè, eruku wà nírun rẹ̀. "Ọdún ti padà! Mo ti di ọ̀gá padà!"

"Ẹ jẹ́ ká wò ó," ni Alábẹ̀wò wí. Ó ní kí obìnrin atúnkọ̀ǹpútà-ṣe, tó ti dé nígbà náà, fi orúkọ Ọ̀gá dán ètò tuntun wò. Ọ̀kan lára àwọn akọ̀wé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ló kà á sókè. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Ọ̀gá. Ọgọ́ta ni òfin sọ, ọdún mẹ́ta ló ti fi jókòó ré kọjá, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín ọjọ́ orí kù nínú fáìlì òṣìṣẹ́, kò sì rántí pé ibi iṣẹ́ òun gan-an ni wọ́n kọ ìbí òun sí. Àjọ ní kó máa lọ sílé. Wọn ò gbé e lọ sí kóòtù, torí wọn ò rí adájọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà dópin láìrẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà wá gba ẹ̀dà ìwé ìbí tirẹ̀, nítorí wọ́n ní kó mú un wá fún ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ńṣì, kó dúró de àyè rẹ̀. Ó jókòó. Kò sí ẹni tó dìde. Ojú kọ̀ǹpútà kàn ń ṣí, ó ń pa dé, iṣẹ́ ń lọ, ìwé ń jáde.

Ìyá ọmọ yẹn wọlé láti wá gba ìwé tó tọ̀nà. Wọ́n ní kó tẹ ìka, kó tún di ìwé mú. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọkùnrin yẹn nìkan ló wà lórí bẹ́ńṣì. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í ṣe àkókò kékeré láti fi wo ojú èèyàn. Lẹ́yìn náà ló na ọmọ sí i.

"Ẹ bá mi gbé e."

Ó gbà á. Ọmọ náà yanu, ó wò ó bí ẹni tó ń dúró de àlàyé.

"Ìyá," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ... ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Obìnrin náà kò yí ojú padà lórí ìwé tó ń tẹ̀.

"Ẹ fi ọwọ́ ti orí rẹ̀," ló wí. "Ọrùn rẹ̀ kò tíì le."

Ó sì fi ọwọ́ tì í.